Omi Mímu: Irinṣẹ́ Tí A Ń Gbàgbé Sílé



Nígbà tí àgbẹ̀ bá ń lọ sí oko ní àárọ̀, kí ni ó ń mú dání? Ó ń mú ọkọ́, ó ń mú àdá, ó ń mú oúnjẹ díẹ̀. Ó ṣòro kí àgbẹ̀ kan ní Ihunbo dé oko tán kí ó tó rántí pé òun kò mú ọkọ́ wá. Ṣùgbọ́n omi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbẹ́kẹ̀ lé omi aládùúgbò oko. Àwọn mìíràn á ní, "Bí òùngbẹ bá gbẹ mí, màá mu ún nígbà tí mo bá délé."

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ fi hàn yín pé omi náà jẹ́ irinṣẹ́. Ẹni tí kò mú un lọ sí ibi iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbàgbé ọkọ́ rẹ̀ sílé. Ẹ jẹ́ kí á rọra kà á, kí á sì jíròrò lórí rẹ̀.

1. Ohun tí omi ń ṣe lára wa

Ara ènìyàn kì í ṣe ẹran àti egungun nìkan. Bí àgbàlagbà kan bá wọn kílò 60, omi ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n náà. Omi yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó wà nínú ẹran ara, ó wà nínú ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé agbára oúnjẹ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́. Omi náà ni kíndìnrín fi ń fọ ìdọ̀tí inú ara, tí a fi ń tọ̀ ọ́ síta.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà. Ẹ wo àmù tí à ń pọn omi sí. Kí ló dé tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù, bí oòrùn tilẹ̀ mú? Ìdí rẹ̀ ni pé omi ń jò láti ara àmù náà síta díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Bí ó ti ń lọ ni ó ń mú ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òógùn ṣe ń ṣe lára wa. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmù tí omi ti tán nínú rẹ̀ kò lè tutù mọ́. Ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀.

Lójoojúmọ́ ni omi ń jáde lára wa: nínú òógùn, nínú ìtọ̀, nínú ìgbẹ́, àti nínú èémí pàápàá. Ní àkókò ọyẹ́, a lè má rí òógùn lára wa rárá. Kí á má ṣe jẹ́ kí èyí tàn wá jẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ń la ètè wa náà ni ó ń fa omi kúrò lára wa.

2. Bí agbára ṣe ń dín kù

Ẹ jẹ́ kí á fi àgbẹ̀ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì ń kọ ebè ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Agogo 7 àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni kìíní kò mu omi kí ó tó kúrò nílé, kò sì gbé omi dání. Ẹnì kejì mu omi, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi sí abẹ́ igi.

Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ agbára nínú oòrùn lè làágùn tó lítà 1 ní wákàtí kan. Àwọn onímọ̀ ìlera ti rí i pé bí omi tí ó jáde láìrí ìdápadà bá tó ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara ènìyàn, agbára iṣẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Fún ẹni tí ó wọn kílò 60, ìdá 2 nínú 100 jẹ́ kílò 1 àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé omi tí ó lé díẹ̀ ní lítà 1 ni. Píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn omi inú ọ̀rá, jẹ́ 50cl. Píọ̀ wọ́tà 2 ni ó ń jẹ́ lítà 1. Ẹ ò rí i pé kò pọ̀? Kí agogo 10 tó lù, àgbẹ̀ kìíní ti lè pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹnu rẹ̀ á gbẹ. Orí á máa fọ́ ọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ tí ó dìde, òòyì á kọ́ ọ. Pajápajá lè mú un ní ẹsẹ̀. Inú á máa bí i sí ọmọ tí ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ọkọ́ kò tíì wúwo jù ti àárọ̀ lọ, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti di irin ńlá. Á jókòó, á ní, "Ara mi ò dá lónìí." Ó lè rò pé ibà ni. Ó tilẹ̀ lè rò pé àwọn ayé ni. Àgbẹ̀ kejì ṣì ń kọ ebè tirẹ̀ lọ.

A kò sọ pé gbogbo àárẹ̀ ni omi ń wò o. Bí ènìyàn bá mu omi, tí ó sinmi, tí ara kò sì balẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ wo àwọn ìyá wa tí ń yan gàrí. Oòrùn ń mú wọn lẹ́yìn, iná ààrò ń mú wọn níwájú. Ẹ wo ọlọ́kadà tí ń gbé èrò láti Ìpókíá lọ sí Ìdí-Ìrókò. Atẹ́gùn ń gbẹ òógùn rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun làágùn. Àwa tí a sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ àwọn ọmọ tí ń tòògbé lọ́sàn-án. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀lẹ.

3. Ohun tí kò lè rọ́pò omi

Ní agbègbè ààlà wa yìí, ògógóró kò jìnnà sí wa, sódàbì láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà kò sì jìnnà. Àwọn kan á ní bí àwọn kò bá ta á sí i, àwọn kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ o: ọtí líle kì í pa òùngbẹ. Ó ń mú kí ènìyàn tọ̀ sí i ni. Ó lè mú kí ènìyàn má mọ̀ pé ó ti rẹ òun, ṣùgbọ́n kò fún un ní agbára kankan.

Àwọn mìíràn, bí orí bá ti ń fọ́ wọn tàbí tí ara bá ń ro wọ́n, oògùn ara ríro ni wọ́n máa kọ́kọ́ rà. Ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá nígbà tí omi bá kéré lára. Ẹ kọ́kọ́ mu omi, kí ẹ sinmi lábẹ́ ibòji. Bí orí kò bá yé fọ́, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí ẹ tó lo oògùn.

4. Àwọn tí ń gé ìrèké ní El Salvador

Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà tí à ń pè ní El Salvador, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oòrùn mú níbẹ̀ bí ó ti mú níhìn-ín. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń fi àdá gé ìrèké nínú oko ńláńlá. Àìsàn kíndìnrín ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ń wá ìdí rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n wọ́n ka iṣẹ́ líle nínú ooru, láìsí omi tó tó àti láìsí ìsinmi, mọ́ àwọn ohun pàtàkì tí ó ń fà á.

Ní àkókò ìkórè ọdún 2014 sí 2015, wọ́n dán nǹkan kan wò. Wọ́n mú 60 òṣìṣẹ́. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àpò omi tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n pa àgọ́ tí wọ́n lè máa gbé káàkiri oko, kí ibòji lè wà. Wọ́n dá àkókò ìsinmi sílẹ̀. Wọ́n sì fún wọn ní àdá tí ó rọrùn láti lò.

Ẹ̀yin náà lè bi wá pé, "Bí wọ́n bá ń dúró sinmi, tí wọ́n ń dúró mu omi, ṣé iṣẹ́ kò ní dín kù?" Kò dín kù. Nínú ẹgbẹ́ kan, ìrèké tí ẹnì kan ń gé lóòjọ́ kúrò ní tọ́ọ̀nù 5.1, ó di tọ́ọ̀nù 7.3. Òótọ́ ni pé àdá tuntun náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a rí i kedere pé àkókò tí a fi mu omi kò ba iṣẹ́ jẹ́.

5. Omi mélòó ni ó tó?

Ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2003 sọ pé ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ agbára nínú ooru nílò nǹkan bí lítà 4.5 lóòjọ́. Ẹ pín in: píọ̀ wọ́tà 9 ni. Ẹni tí ó jókòó sí ibi tútù kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Aboyún tí ń ṣiṣẹ́ nílò ju lítà 4.5 lọ díẹ̀. Abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú wàrà ọmú.

Kì í ṣe omi lásán nìkan ni a ń kà. Omi inú gàrí mímu wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ mímu wà níbẹ̀. Ọbẹ̀, ọsàn àti bàrà náà ń fi omi kún ara.

Ẹ má ṣe gbé omi púpọ̀ mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí iṣẹ́ bá le, tí oòrùn sì mú, ìdajì píọ̀ wọ́tà ní ìṣẹ́jú 20 sí 20 dára. Kò yẹ kí ó ju lítà 1 àti ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan, nítorí omi àmujù lè fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹ jẹun pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ inú oúnjẹ ni ó ń dá èyí tí òógùn gbé lọ padà.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá omi wa tó? Ẹ wo ìtọ̀ yín. Bí ó bá mọ́, tí ó kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó dára. Bí ó bá dúdú bí omi àgbo, tí ó kéré, omi kò tó. Ẹ má dúró de òùngbẹ. Nígbà tí òùngbẹ bá fi ń gbẹ yín, omi ti dín lára yín. Ní ti àwọn àgbàlagbà, òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni omi ti lè dín lára wọn. Àwọn baba wa ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

6. Bí a ó ṣe sọ ọ́ di àṣà

Ohun tí a bá so mọ́ ohun tí a ń ṣe tẹ́lẹ̀ kì í ṣòro láti rántí. Ẹ so omi mímu mọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

(a) Bí ẹ bá jí, tí ẹ run orín tàbí tí ẹ fọ ẹnu tán, ẹ mu kọ́ọ̀bù omi kan.

(b) Bí ẹ bá ń wá ọkọ́ àti àdá, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi tì wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó fún ẹnì kan.

(d) Ní ìparí poro méjì-méjì, ẹ lọ sí abẹ́ igi, kí ẹ mu díẹ̀. Ìyá tí ń yan gàrí lè mu díẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá kó gàrí kúrò nínú agbada. Ọlọ́kadà lè mu díẹ̀ bí ó bá já èrò sílẹ̀.

(e) Ẹ mu omi sí oúnjẹ.

(ẹ) Ẹ mu omi bí ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má mu púpọ̀ nígbà tí oorun bá kù díẹ̀, kí ìtọ̀ má baà máa jí yín lóru.

Ní oṣù ààwẹ̀, kí àwọn tí ń gbààwẹ̀ mu omi dáadáa ní ìṣínu, ní alẹ́, àti ní sààrì. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí wọ́n fi iṣẹ́ líle sí òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ìṣòro kan wà tí àwọn ìyá kì í fẹ́ sọ jáde. Àwọn kan kì í mu omi ní ọjà nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n lè tọ̀ sí ní ìkọ̀kọ̀. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ń fara mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Iṣẹ́ gbogbo wa ni. Kí ẹgbẹ́ ọjà àti àwọn baálẹ̀ jókòó sọ ọ́, kí wọ́n kọ́ ilé ìtọ̀ tí ó ní ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́.

Ẹ má retí pé kí àṣà yìí mọ́ yín lára lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

7. Omi tí ó mọ́: ẹ̀kọ́ sòbìyà

Omi tí ń fúnni lágbára lè gba agbára lọ́wọ́ ẹni, bí kò bá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí sòbìyà. Ẹni tí ó bá mu omi adágún tí kòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan títí nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni aràn gígùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ẹsẹ̀ rẹ̀. Irora rẹ̀ á dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àní ní àkókò iṣẹ́ oko gan-an. Nígbà tí ìjọba ka àwọn tí ó ń ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 1988, wọ́n ju 650,000 lọ.

Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá wà lára àwọn ìlú tí ó jìyà rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú náà ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu. Àwọn ìlú mìíràn káàkiri Nàìjíríà náà ń sẹ́ omi. Ẹni tí aràn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ inú adágún. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, ọdún dé, ọdún lọ. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìyà mú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìyà ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ẹ wò ó dáadáa: sòbìyà kò ní oògùn tí ń pa á, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àṣà kékeré tí gbogbo ilé ń tẹ̀ lé ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Bí àwọn ará Ìdèrè bá lè sẹ́ omi lójoojúmọ́, àwa náà lè gbé omi lọ sí oko lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí. Bí omi kànga tàbí omi odò ni ẹ ń mu, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é títí yóò fi hó dáadáa. Ẹ bò ó kí ó tutù. Bí píọ̀ wọ́tà ni ẹ ń rà, ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀. Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí, kò sí ẹni tí ó lè tàn yín jẹ. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú oòrùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe bu omi mímu sínú kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi gbé epo bẹntiróòlù tàbí oògùn apakoríko rí. Kò sí fífọ̀ tí a lè fọ̀ ọ́ tí yóò fi dára fún omi mímu.

8. Ìkìlọ̀

Ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn tàbí àìsàn kíndìnrín gbọdọ̀ tẹ̀ lé iye omi tí dókítà bá ní kí ó mu.

Bí ẹnì kan bá ṣubú nínú oòrùn, tí ara rẹ̀ gbóná gidigidi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara, ewu ńlá ni. Ẹ gbé e sí ibòji kíákíá. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó ń mú kí omi inú àmù tutù? Báwo ni ó ṣe jọ òógùn wa?
2. Píọ̀ wọ́tà mélòó ni ó wà nínú lítà 3?
3. Kí ni a fún àwọn tí ń gé ìrèké ní El Salvador? Kí ni ó yọrí sí?
4. Kí ló dé tí àwọn ìyá kan kì í mu omi ní ọjà? Kí ni a lè ṣe sí i ní ìlú wa?
5. Irú kẹ́ẹ̀gì wo ni a kò gbọdọ̀ bu omi mímu sí?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé yín. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ méje sí i: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Nígbàkigbà tí ẹ bá mu kọ́ọ̀bù omi kan, ẹ fa ìlà kan sí iwájú ọjọ́ náà. Ní alẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí i nípa bí iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe rí: "ó dára" tàbí "ó rẹ̀ mí." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì, kí á jọ wo àwọn ọjọ́ tí ìlà pọ̀ àti àwọn ọjọ́ tí ìlà kéré, kí á sì jọ ka ohun tí ẹ kọ sí iwájú wọn.